Mínúùtì Mẹ́tàlélógójì Ọ̀jọ̀gbọ́n Brüggenkamp

Pátákó idẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ Hartmut Brüggenkamp gba ìṣó mẹ́jọ kó tó dúró. Ti àwọn yòókù ní ilé ìwádìí ìmọ́lẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì tó wà ní Lindersbach, ìṣó méjì péré ló gbé e. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ o. Oyè rẹ̀ ló gùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Dókítà Brüggenkamp ni: Dókítà àkọ́kọ́ wá láti inú ìwé tó kà, èkejì wá láti inú oúnjẹ alẹ́ tó bá àwọn aláṣẹ yunifásítì kan jẹ. Bí ènìyàn bá pe Dókítà kan ṣoṣo, á dúró sójú kan, á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí èkejì yóò fi dé. Ó ní ìdajì ènìyàn kì í dáhùn.

Ibì kan ṣoṣo ni wọn kì í ti í pè é bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀, Hartmut lásán ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, á sì fi kún un pé, "Hartmut, ewéko ọgbà ti ga ju fèrèsé lọ, sọ̀ kalẹ̀ wá gé e." Ìdí nìyí tí ọkùnrin náà fi máa ń tètè lọ síbi iṣẹ́.

Ó ku oṣù kan péré kó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Òfin ìlú wọn kì í sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí ìfẹ̀yìntì. Bí ọjọ́ bá pé, kọ́kọ́rọ́ á padà sọ́wọ́ olùtọ́jú ilé, ìwọ náà á padà sídìí ọgbà rẹ. Ọ̀nà àbáyọ kan ló wà: kí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé kan tí yóò fi ọdún mẹ́ta kún un. Brüggenkamp ti tẹ ìwé náà sílẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì pe ara rẹ̀ ní "ẹni tí a kò lè fi ẹlòmíì rọ́pò" lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ojú ìwé kan.

Kí Mínísítà, ẹni tó ń bọ̀ wá bẹ ilé iṣẹ́ náà wò, má bàa wá lásán, Brüggenkamp nílò ohun àfihàn. Ohun àfihàn náà wà nílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló ṣe é.

Almut Sattler ló ṣe é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọdún márùn-ún ti tán mọ́ lára nídìí maikirosíkópù kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kò le. Bí a bá fi aró sínú sẹ́ẹ̀lì ààyè, tí a wá ta iná léésà lù ú, aró náà á gbé ìmọ́lẹ̀ mì, á sì pọ̀ ọ́ padà. Àkókò tó wà láàárín gbígbémì àti pípọ̀ kéré débi pé kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kọjá, ṣùgbọ́n ó ń sọ bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe rí. Bí aró bá di ìmọ́lẹ̀ mú pẹ́, àwòrán á ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Bí kò bá pẹ́ kó tó pọ̀ ọ́, àwòrán á di búlúù. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo mínúùtì mẹ́fà lórí àwòrán kan, sẹ́ẹ̀lì ààyè kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni fún mínúùtì mẹ́fà. Ti Almut ń ya mẹ́rin kí o tó sín tán.

Àbùkù kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní, gbogbo ìran rẹ̀ ló sì ní in. Aago inú rẹ̀ dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìpàdé, tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé. Bí wọ́n bá ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé rẹ̀ á pé. Bí èrò bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kọ́kọ́ wọlé nìkan ló máa rí kọ, àwọn tó kù á kọjá. Nígbẹ̀yìn ìwé á sọ pé gbogbo ayé ló tètè dé. Nítorí náà, bí iná bá pọ̀ jù, gbogbo nǹkan á di búlúù, irọ́ ni búlúù náà á sì jẹ́. Almut mọ èyí, ó fi ilà kékeré kan sí igun ojú ẹ̀rọ tí yóò pọ́n bí iná bá ti pọ̀ jù.

Ìwọ tí ò ń ka èyí lè máa rò pé kò sí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ láyé. O ò tíì jókòó sí ìpàdé Brüggenkamp nìyẹn. Níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, òun alára ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ti parí, gbogbo ènìyàn á fi ìka kan tábìlì, bí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ́pọ̀. Ti Brüggenkamp, ẹ̀ẹ̀meje ni, Igbákejì rẹ̀, Dókítà Möck, ló sì ń ka iye rẹ̀. Möck ti kan tábìlì fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìka rẹ̀ ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Ní ìpàdé tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, Brüggenkamp dìde.

"A ó fi oògùn tuntun sára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lójú Mínísítà. Àwọ̀ ọsàn á di búlúù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ o."

Kàn, kàn, kàn, kàn, kàn, kàn, kàn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Almut wí, "oògùn náà kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n nígbà mọ́kànlélógún. Ogójì mínúùtì ló ń gbà kó tó di búlúù."

"Ogójì mínúùtì!" Brüggenkamp rẹ́rìn-ín, Möck náà rẹ́rìn-ín, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló fi pẹ́ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. "Dókítà Sattler, ṣé Mínísítà á wá jókòó sójú kan fún ogójì mínúùtì, kí nǹkan kan má sì ṣẹlẹ̀?"

"Kò ní ṣeé gbọ́ sétí," ni Möck wí.

"Kò ní ṣeé gbọ́ sétí," ni Brüggenkamp wí, ẹni tó ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ olójú ewé mọ́kàndínlógún sínú àpò.

Ẹ má gbàgbé ogójì mínúùtì yẹn. Èmi ò ní gbàgbé.

Ó ku òfin. Ìwé òfin ilé náà gùn tó apá, Brüggenkamp ló kọ gbogbo rẹ̀. Òfin kẹsàn-án: níbi ayẹyẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun títí Ọ̀gá yóò fi gbé áńkáṣífù funfun sókè. Òfin kẹrìnlá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí Ìyáàfin Eickhoff kò bá tíì kọ́ ọ fún ìdajì ọjọ́, kó sì fi orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Roswitha Eickhoff ti wà nílé iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òun ló ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń fọ dígí, ó sì ti rí ọ̀gá márùn-ún tó kọjá lọ bí òjò. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú òfin kẹrìnlá. Kódà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Brüggenkamp nìkan ni kò gbà, nítorí àyè tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ fún orúkọ kò ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ.

"Ẹ̀rọ tí kò lè gba Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló sọ nígbà náà, "Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè gba òun náà."

Ó sì bínú jáde.

Ọjọ́ àlejò pé. Wọ́n to búrẹ́dì oníyọ̀ tí wọ́n fi bọ́tà sí àti kéèkì èso sórí tábìlì gígùn, kọfí ń rú èéfín. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí igun gbọ̀ngàn, wọ́n ta aṣọ dúdú yí i ká, wọ́n sì ta àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ funfun ńlá kan lẹ́yìn ibi tí Ọ̀gá ti máa sọ̀rọ̀. Lórí tábìlì iwájú, ìwé ọdún mẹ́ta náà tẹ́ sílẹ̀, bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Brüggenkamp ti ṣí ìdérí bírò náà sílẹ̀ kí Mínísítà má bàa ṣe wàhálà.

Mínísítà, Ìyáàfin Gudrun Wackernagel, dé lásìkò gan-an. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó bọ ẹnikẹ́ni tó bá dé iwájú rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú búrẹ́dì kan, ó jókòó.

Brüggenkamp yọjú wo ẹ̀yìn aṣọ dúdú. Almut jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìyáàfin Eickhoff dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ìgò oògùn kékeré mú nínú àtẹ́lẹwọ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lójú ẹ̀rọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n rọra ń mí, wọ́n rẹwà.

"Kí ló dé tí àwòrán yìí fi ń ṣe bàìbàì báyìí?" ni Brüggenkamp ké wúyẹ́wúyẹ́. "Ayàwòrán ìwé ìròyìn wà níta! Ẹ fi iná kún un."

"Ọ̀gá, iná yẹn ló tọ́ sí i," ni Almut wí. "Bí ó bá pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á máa purọ́. Ohun kejì ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ààyè ni, kò lè gba iná tó le. Á jóná."

"Dókítà Sattler, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá."

"Ta ni?"

Almut mí kanlẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Dókítà Brüggenkamp."

"Ó dáa." Ó na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó di bọ́tìnì iná mú, ó sì yí i títí kò fi lè yí mọ́.

"Orúkọ yín ò sí nínú ẹ̀rọ o, Ọ̀gá," ni Ìyáàfin Eickhoff wí, jẹ́jẹ́. "Òfin kẹrìnlá."

"Èmi ni mo kọ òfin kẹrìnlá!"

"Ìdí tí mo fi rán yín létí nìyẹn."

Àwòrán tàn bí òṣùpá àrànmọ́jú. Ká tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àwọ̀ ọsàn ti di búlúù pátápátá, ilà kékeré igun náà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Kí ni pupa yẹn?"

"Ìkìlọ̀ ni, Ọ̀gá."

"A kì í fi ìkìlọ̀ gba àlejò." Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀kan nínú àwọn bébà alálẹ̀mọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó ń bọ̀, àwòrán ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ilà náà. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó jáde.

Almut nawọ́ láti dín iná kù. Möck, ẹni tó ti yọ orí wọlé, fọwọ́ dá a dúró.

"Ọ̀gá ò ní ká fọwọ́ kàn án. Òfin kẹsàn-án. Ó dìgbà tí áńkáṣífù bá gòkè."

"Dókítà Möck, wọ́n máa kú."

"Áńkáṣífù," ni Möck wí.

Almut wo Ìyáàfin Eickhoff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà. Obìnrin náà gbọn orí díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá ń sọ fún ọmọ pé kó jẹ́ kí ìkòkò náà hó fúnra rẹ̀. Ó tún ìgò oògùn dì mú.

Níta, Ọ̀gá ti la ẹnu.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin èèyàn ńlá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ̀yin kan kò tilẹ̀ lè pe ara yín ní ẹlẹgbẹ́ mi ní ti gidi! Kí ni ìmọ́lẹ̀? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi bàbá mi ní ìbéèrè yìí. Bàbá mi kò lè dáhùn. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé èmi ni yóò dáhùn!"

Kàn, kàn, kàn, títí dé méje. Möck ti sáré padà síbi tábìlì rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé tó lọ. Ó dárúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ tó ti kú, ó sọ ohun tí oníkálukú wọn ì bá sọ nípa òun bí wọ́n bá wà láàyè. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyára. Ogún mínúùtì gbáko ló fi sọ̀rọ̀ nípa ìyára. Ó ní, "Ní ayé tó ń sáré yìí, ẹni tó bá fa ọ̀rọ̀ gùn ti pàdánù," ó sì ṣí ojú ewé kẹwàá.

Lẹ́yìn rẹ̀, lórí aṣọ funfun ńlá, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù wú, ó ga bí àkàrà nínú epo. Òmíràn ká ẹsẹ̀ jọ, ó di róbótó. Ọ̀kan bẹ́. Àwọn èèyàn ìlà iwájú wo ara wọn. Nígbà tí èkejì bẹ́, ayàwòrán ìwé ìròyìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Èkẹta bẹ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí Ọ̀gá ń sọ pé, "Lábẹ́ àkóso mi, gbogbo nǹkan nílé yìí ló ń dàgbà," gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Brüggenkamp dúró díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé Möck ló kọ́kọ́ rín in. Orí rẹ̀ wú ju sẹ́ẹ̀lì lọ. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìtàn méjì kún un tí kò sí nínú ìwé.

Áńkáṣífù wà nínú àpò rẹ̀. Kò rántí rẹ̀ rárá.

Ní mínúùtì kẹtàlélógójì, ó yí padà, ó na ọwọ́ sí aṣọ funfun. Ó rí búlúù. Ó rí òkú sẹ́ẹ̀lì níbi gbogbo. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó!" ó ké. "Oògùn náà ti ṣiṣẹ́! Kì í ṣe búlúù nìkan, ó ti pa jẹjẹrẹ run! Láti òní lọ, ayé yóò máa pe èyí ní Agbára Brüggenkamp!"

Möck kan tábìlì nígbà mẹ́rìnlá. Àwọn kan tẹ̀lé e, nítorí ẹ̀rù.

Mínísítà gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè, bí ọmọ ilé ìwé.

"Ó wú mi lórí púpọ̀. Ìbéèrè kékeré kan. Oògùn náà, báwo ni èyí tí ẹ fi sí i ṣe pọ̀ tó?"

"Ìwọ̀n tó yẹ gan-an, Mínísítà! Ìwọ̀n tí ìrírí ogójì ọdún mi sọ!"

"Ìgbà wo lẹ fi í sí i?"

"Ní àsìkò tó yẹ gan-an!"

"Ta ló fi í sí i?"

Brüggenkamp wo ẹ̀yìn aṣọ dúdú. "Ìyáàfin Eickhoff! Ẹ jáde wá, kí Mínísítà rí yín!"

Ìyáàfin Eickhoff jáde. Ó rọra rìn dé iwájú, ó na ọwọ́, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ìgò náà wà níbẹ̀, odindi, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Oògùn náà rèé, Ọ̀gá," ló wí. "Ẹ ò tíì gbé áńkáṣífù sókè."

Kéèkì ẹnìkan já bọ́ sínú àwo.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé," ni Mínísítà bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọdún méje tó da omi sórí ìwé sọ̀rọ̀, "kò sí oògùn kankan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí?"

"Kò sí rárá o, Mínísítà."

"Kí ló wá pa wọ́n?"

Almut ti jáde wá, ó dúró lẹ́yìn Ìyáàfin Eickhoff. "Iná ni, Mínísítà. Búlúù yẹn pàápàá, iná ló fà á. Ó pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ."

"Ta ló fi iná kún un?"

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Brüggenkamp tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ṣé wọ́n ti kọ́ yín ní ẹ̀rọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n? Mo rí òfin kan lára ògiri níta. Òfin kẹrìnlá ni, àbí?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́jọ ni..." ni Brüggenkamp bẹ̀rẹ̀.

Ó wo Möck. Möck ń wo ìka ara rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mínísítà fa ìwé ọdún mẹ́ta náà súnmọ́ ara rẹ̀. Ó kà á tán, títí dé "ẹni tí a kò lè fi ẹlòmíì rọ́pò" kẹrin. Ó mú bírò tó ti wà ní ṣíṣí. Ó fa ilà gbọọrọ lórí "ọdún mẹ́ta", ó kọ "ọ̀sẹ̀ méjì" sókè rẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé róbótó tí wọ́n fi ń kọ sójú pátákó: *Kí ó tún iṣẹ́ náà ṣe, fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ.* Ó fọwọ́ sí i. Ó bọ Almut lọ́wọ́, ó ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ náà yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó mú búrẹ́dì kan sí i fún ọ̀nà, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Brüggenkamp wà nínú yàrá òkùnkùn ibi tí ẹ̀rọ wà, lórí àga tí kò ní ẹ̀yìn. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìyáàfin Eickhoff kò fo ojú ìwé kan. Ó fi bí wọ́n ṣe ń nu dígí hàn án, ó ní kó tún un nù. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí àyè lẹ́tà mẹ́jọ.

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó tẹ *Prof*, ó pa á rẹ́. Ó tẹ *Brüggenk*, ó pa á rẹ́. Níkẹyìn, ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà méje, ẹ̀rọ náà sì kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ láìṣojúsàájú:

*Káàbọ̀, Hartmut.*

Ìyáàfin Eickhoff ṣí bébà alálẹ̀mọ́ náà kúrò, ojú tó ń rẹ́rìn-ín ya sí méjì. Ìdajì kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó gbọ̀n wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. "Ẹ dín iná kù. Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Títí pupa á fi lọ. Ó ti tó." Àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun jáde ní àwọ̀ ọsàn, bàìbàì, wọ́n ń mí. "Ẹ kán oògùn sí i báyìí."

Ó kán an.

"Kí ló kàn?"

"Ká dúró."

"Títí dìgbà wo?"

"Ogójì mínúùtì. Dókítà Sattler sọ ọ́ fún yín." Ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká apá jọ. "Mínúùtì mélòó lẹ fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ná?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ẹn-hẹ́n," ni Ìyáàfin Eickhoff wí. "Ká ní ẹ gbé áńkáṣífù yẹn sókè kí ẹ tó la ẹnu ni, tí ẹ sì fi bọ́tìnì sílẹ̀ níbi tó wà, ìgbà tí ẹ bá fi máa yíjú padà, ó ti di búlúù fúnra rẹ̀. Mínúùtì mẹ́ta á sì tún ṣẹ́kù fún yín láti fi gba ìkíni."

Brüggenkamp yí padà sí i nínú òkùnkùn. Ó fa èémí gígùn sínú, irú èyí tó máa ń fà kó tó sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn ńlá."

"Ẹ máà sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ohùn yín ń mi tábìlì."